Etí Oko Ọ̀tọ̀, Inú Oko Ọ̀tọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Yín Bá Yín Wọn Ilẹ̀

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ wa bá àwọn àgbẹ̀, àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ ní agbègbè Àkúrẹ́, tó sì tún sọ ní ìlú Oǹdó. A tẹ̀ ẹ́ síbí bó ṣe sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń retí pé n óò sọ̀rọ̀ lórí ajílẹ̀ tàbí lórí oògùn kòkó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Èyí tí mo gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ ni, àti bí ọmọ tó wà ní ìwé mẹ́rin tàbí ìwé márùn-ún ṣe lè bá wa wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ná. Ká sọ pé bàbá kan kú, ó fi ilẹ̀ oko méjì sílẹ̀ fún ọmọ méjì. Ọ̀kan wà lẹ́bàá odò, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ẹbí kò fẹ́ ṣègbè, wọ́n ní kí wọ́n yí oko méjèèjì ká, kí wọ́n wọ̀n wọ́n. Wọ́n yí ti àkọ́kọ́ ká, ó jẹ́ igba mítà. Wọ́n yí ti èkejì ká, igba mítà náà ni. Gbogbo ẹbí ní, "Ó parí, wọ́n dọ́gba." Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n dọ́gba?

Mo rí i pé ẹni púpọ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Oko tó dọ́gba yẹn, ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 50. Mítà 50 lọ́nà mẹ́rin, 200 nìyẹn. Oko ẹ̀bá odò, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 80, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 20. Ẹ ro ó pọ̀: 80 àti 20, 80 àti 20, òun náà jẹ́ 200. Ẹ wá gbin kòkó sí méjèèjì, mítà mẹ́ta sí mítà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń sọ fún yín. Oko tó dọ́gba yóò gba nǹkan bí igi 277. Oko tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gba nǹkan bí igi 177. Ọgọ́rùn-ún igi kòkó ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ! Ẹni tó gba ti ẹ̀bá odò yóò máa ká èso tó dín ní ti ọgọ́rùn-ún igi lọ́dọọdún, òun, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kankan nínú ẹbí tó mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n wọn etí oko, wọ́n sì rò pé inú oko ni àwọn wọ̀n.

ETÍ ÀTI INÚ

Nǹkan méjì la lè wọ̀n lára ilẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa ń pe ọ̀kan ní perímítà, wọ́n ń pe èkejì ní éríà. Èmi ń pè wọ́n ní etí oko àti inú oko, nítorí pé àgbẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún òun. Etí oko ni ibi tí ẹ ó rìn bí ẹ bá tọ ààlà láti ìdí pèrègún kan dé ìdí pèrègún kejì, títí tí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Inú oko ni gbogbo ilẹ̀ tí àdá àti ọkọ́ yín yóò kàn láàárín ààlà yẹn.

Etí oko la fi ń mọ iye wáyà tí a ó rà bí a bá fẹ́ ṣe ọgbà, àti iye òpó tí a ó rì, àti bí ọ̀nà iná tí a ó ro yípo oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò ṣe gùn tó. Inú oko la fi ń mọ iye irúgbìn, iye ajílẹ̀, iye oògùn apakoríko àti owó alágbàṣe. Bí a bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò nìyẹn.

Ẹni tó bá lọ ra gààrì ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, kóńgò ni ìyá ọlọ́jà yóò fi wọ̀n ọ́n fún un. Ẹ ò lè rí ẹni tó máa fi okùn yí àpò gààrì ká, kó ní iye rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àwa náà tí a gbọ́n lọ́jà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn yí àpò ká.

Ohun tí a fi ń wọn inú ilẹ̀ kì í ṣe mítà lásán. Mítà lásán ọ̀nà ló ń wọ̀n. A nílò nǹkan tó ní gígùn tó tún ní ìbú, bí ẹní. Bí mo bá béèrè pé báwo ni yàrá yìí ṣe fẹ̀ tó, tí ẹ sọ fún mi pé ẹní mẹ́fà ló gbà, ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ẹní tí ìjọba àti àwọn onímọ̀ ń lò ni èyí tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Òun ni wọ́n ń pè ní sukúẹ̀ mítà. Bí ẹ bá tẹ́ ẹgbàárùn-ún irú ẹní bẹ́ẹ̀, ìyẹn 10,000, hẹ́kítà kan nìyẹn. Éékà kan jẹ́ nǹkan bí 4,047. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbáyé ṣe fọwọ́ sí i, mítà 105 sí 68, jẹ́ 7,140. Ìyẹn ni pé ó ju éékà kan àtààbọ̀ lọ, kò sì tó hẹ́kítà kan. Ọmọ yín tó ń gbá bọ́ọ̀lù á tètè rántí ìyẹn.

BÍ A ṢE LÈ FI HAN ÀWỌN ỌMỌ

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ti rí i ní ilé-ìwé púpọ̀ pé ohun tí a kọ́kọ́ máa ń kọ sójú pátákó ni "gígùn lọ́nà ìbú". Ọmọ á kọ́ ọ sórí bí ayékòótọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò á kọ ọ́, á gba máàkì, ṣùgbọ́n tí bàbá rẹ̀ bá mú un dé oko tó ní, "Wọ̀n ọ́n fún mi," á máa wojú bàbá rẹ̀. Kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ kọ́kọ́ ṣe é. Òfin yóò tẹ̀lé e.

Ẹ gé páálí sí mítà kan níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páálí fìríìjì tàbí ti tẹlifíṣọ̀n dára. Bí kò bá sí, ẹ lo àpò kòkó tó ti gbó, kí ẹ gé e dọ́gba. Ẹ fún àwọn ọmọ ní mẹ́fà tàbí méje, kí ẹ ní kí wọ́n sọ iye tí ilẹ̀ kíláàsì yóò gbà. Wọ́n á tẹ́ ẹ, páálí á tán, ilẹ̀ á kù. Ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Láìpẹ́ ọ̀kan nínú wọn á sọ pé, "Márùn-ún ló gba ìlà àkọ́kọ́, ìlà mẹ́rin ló sì wà, ogún ni gbogbo rẹ̀." Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà ti mọ ìdí tí a fi ń sọ gígùn di púpọ̀ pẹ̀lú ìbú, kì í ṣe olùkọ́ ló sọ fún un. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí wọ́n fi okùn yí etí ilẹ̀ kan náà ká. Márùn-ún, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́rin: mítà méjìdínlógún. Ilẹ̀ kan, nọ́ńbà méjì, iṣẹ́ méjì.

Ní ti oko, ebè ló dára jù fún ẹ̀kọ́ yìí, àwọn baba wa sì ti mọ̀ ọ́n kí ìwé tó dé. Igba-igba ni wọ́n ń ka ebè. Ẹni tó bá wà nínú àró mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ igba ebè lóko tèmi lónìí, igba náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ lóko tìrẹ lọ́la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àró á dà rú. Inú oko ni wọ́n ń wọ̀n yẹn o, kì í ṣe etí rẹ̀. Ó jọ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a gba éékà lọ́wọ́ wọn: nígbà àtijọ́, éékà ni ilẹ̀ tí màlúù méjì tí a so pọ̀ lè fi ohun ìtúlẹ̀ tú láàárín ọjọ́ kan. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ níbẹ̀, bíi tiwa náà.

Ẹ mú ọmọ lọ sí oko iṣu tí ebè rẹ̀ tò dáadáa. Ká ní ìlà ogún ló wà, ogún ebè sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ogún lọ́nà ogún, irínwó nìyẹn. Ẹ wá bi í pé, "Ebè mélòó ló wà létí oko yìí, tí màlúù tàbí ewúrẹ́ á kọ́kọ́ bá bó bá yà?" Ọmọ púpọ̀ á sọ pé ọgọ́rin, nítorí ogún lọ́nà mẹ́rin. Ẹ ní kó lọ kà á. Yóò bá mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, nítorí pé ebè igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin kan tó wà ní ìwé márùn-ún, tí mo bi ní ìbéèrè yìí ní abúlé kan lọ́nà Ọwẹ́nà, kò dá mi lóhùn rárá. Ó kàn sá lọ sórí igun, ó dúró sórí ebè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni eléyìí, ìlà tòkè àbí ìlà tẹ̀gbẹ́?" Mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó dára ju ìyẹn lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ṣé Yorùbá la ó máa fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ẹ̀yin òbí, ẹ má bẹ̀rù pé ẹ̀yin ò kàwé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi ṣàlàyé ti wà lẹ́nu yín.

Ti adìẹ náà ń kọ́. Ká sọ pé ìyá kan ní nẹ́ẹ̀tì tó gùn ní mítà 24, ó fẹ́ fi ṣe ọgbà adìẹ. Ẹ so okùn tó gùn ní mítà 24 ní kóńkóló, kí ọmọ mẹ́rin dì í mú ní igun mẹ́rin, kí wọ́n máa fà á sí oríṣiríṣi ìrísí lórí pápá. Bí wọ́n bá fà á sí mítà 10 sí 2, inú rẹ̀ jẹ́ 20. Bí ó bá jẹ́ 8 sí 4, ó di 32. Bí ó bá jẹ́ 6 sí 6, ó di 36. Ká ní adìẹ mẹ́rin la fẹ́ kó wà lórí sukúẹ̀ mítà kọ̀ọ̀kan, ọgbà tẹ́ẹ́rẹ́ á gba 80, ọgbà tó dọ́gba á gba 144. Nẹ́ẹ̀tì kan náà ni, owó kan náà ni ìyá náà ná lọ́jà. Kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i pé bí okùn ṣe ń súnmọ́ ìrísí tó dọ́gba níhà mẹ́rin ni inú rẹ̀ ń gbòòrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún fà á kó di róbótó, kí ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n rí.

OKÙN ÀTI ÌṢÍSẸ̀

Ní Íjíbítì àtijọ́, bí odò Náílì bá ti kún tó sì ti fà, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ a máa mú okùn tí wọ́n ta ní kókó jáde láti tún ààlà oko àwọn ènìyàn ṣe. Irú okùn yẹn náà ni mo fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ wá okùn tí kì í fà. Okùn rọ́bà kò dára. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ káfíńtà. Bí kò bá sí, téèpù télọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé mítà kan àtààbọ̀ péré ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ ta kókó sára okùn ní mítà kan-kan títí dé ogún. Ẹ kọ́kọ́ ta kókó ná kí ẹ tó wọn èyí tó tẹ̀lé e, nítorí kókó a máa jẹ lára okùn. Ẹ fi àkísà pupa sí mítà karùn-ún, ìkẹwàá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún kí kíkà má baà dàrú.

Ọjọ́ tí okùn kò bá sí nítòsí, ìṣísẹ̀ ṣì wúlò, bí ọmọ bá mọ iye tí ìṣísẹ̀ tirẹ̀ jẹ́. Ẹ na okùn mítà 20 sílẹ̀. Kí ọmọ rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta bó ṣe ń rìn lọ sílé-ìwé, kó má já ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ogójì ìṣísẹ̀, ìdajì mítà ni ìṣísẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti bàbá rẹ̀ lè jẹ́ 25 péré lórí okùn kan náà. Ìdí rèé tí kò fi yẹ ká máa sọ pé ilẹ̀ kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ láìsọ ìṣísẹ̀ ta ni. Mo mọ ibi tí olùtà fi ẹsẹ̀ kúkúrú wọ̀n ọ́n, tí olùrà sì ń rò ó sí ẹsẹ̀ gígùn ara rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí igun oko gún régé, ẹ mú okùn tó ní ìpín méjìlá tó dọ́gba. Kí ọmọ mẹ́ta fà á: ìhà kan ìpín mẹ́ta, ìhà kejì ìpín mẹ́rin, ìhà kẹta ìpín márùn-ún. Igun tó wà láàárín ìhà mẹ́ta àti ìhà mẹ́rin ló gún régé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé, bíríkìlà yín mọ èyí dáadáa. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé bí ọ̀kan bá dẹ okùn, gbogbo rẹ̀ á wọ́.

Ẹ̀yin tí oko yín wà lẹ́sẹ̀ òkè ní ọ̀nà Ìdànrè, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má tẹ́ okùn sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ẹ kà á bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹni ìsàlẹ̀ gbé okùn sókè títí yóò fi tẹ́ gbọọrọ bí omi inú àwo, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n ní mítà márùn-ún márùn-ún.

Oko wa kì í sábà dọ́gba, mo mọ̀. Odò á tẹ̀ ẹ́ síbí, òkúta á gé e sọ́hùn-ún. Bí oko bá ní igun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ na okùn láti igun kan kọjá sí igun tó dojú kọ ọ́. Oko ti di apá méjì, olúkúlùkù ní igun mẹ́ta. Láti igun tó kù ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ọ̀nà tó kúrú jù lọ dé ibi okùn yẹn. Ẹ sọ òun àti gígùn okùn di púpọ̀, kí ẹ mú ìdajì. Bí àpẹẹrẹ, okùn àárín jẹ́ mítà 90; ọ̀nà kan jẹ́ 40, èkejì jẹ́ 30. Apá kan jẹ́ 1,800, èkejì 1,350, àpapọ̀ 3,150. Bí ọmọ bá bèèrè ìdí tí a fi ń mú ìdajì, ẹ fún un ní ìwé pélébé kan kó gé e láti igun dé igun, kó gbé apá kan lé ekejì.

OWÓ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Oko 3,150 yẹn ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó bá ní irú rẹ̀ á pè é ní éékà kan. Kò tó éékà kan. Ó fi díẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin éékà lọ ni. Bí alágbàṣe bá wá ro ó, tí ẹ bá san owó éékà kan, ẹ ti san owó koríko tí ẹnikẹ́ni kò ro. Ká ní ìwé tó wà lára ìgò oògùn apakoríko sọ pé lítà mẹ́rin ni fún hẹ́kítà kan, oko yìí kò nílò ju lítà kan àti ìdá mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá ń pè é ní éékà kan á da nǹkan bí lítà kan àti ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sí i. Ó ti fi owó ṣòfò, oògùn tó pọ̀ jù sì lè jó ohun ọ̀gbìn tàbí kó wọ́ lọ sínú odò tí ẹ ń mu. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ lè bá yín wọn oko, ó lè bá yín ṣírò, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ ní pọ́ǹpù tàbí ìgò oògùn mú.

Ti pulọ́ọ̀tì náà wà ńbẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ìlú ti ń ya wọ oko yín ní ẹ̀gbẹ́ Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Orúkọ ni pulọ́ọ̀tì, kì í ṣe ìwọ̀n kan pàtó. Ibì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni. Ibòmíràn, 50 sí 100. Ẹni tó bá yí méjèèjì ká yóò rí 360 àti 300, yóò ní ìyàtọ̀ kò pọ̀. Ẹ wo inú wọn: 7,200 àti 5,000. Ìyàtọ̀ náà súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta! Bí ẹ bá ń tà, ẹ mọ ohun tí ẹ ń tà. Bí ẹ bá ń rà, ẹ béèrè ìhà méjèèjì kí ẹ tó béèrè iye owó.

FÓÒNÙ ÀWỌN TÓ Ń RA KÒKÓ

Ẹ̀yin alákòókò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tó bá wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Òfin náà kan kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà, màlúù àti pákó pẹ̀lú. Ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lò ti sún síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó ti ń ya wọ oko pẹ̀lú fóònù láti mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà. Bí oko bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ya gbogbo etí rẹ̀. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kan péré tó nínú òfin náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yí i ká náà.

Ohun tí fóònù yẹn ń ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí a ti ń sọ látàárọ̀. Ẹni tó mú un dání ń rìn létí oko, fóònù ń gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run, ó ń fi àmì sí ibi tí ẹsẹ̀ dé. Nígbà tí ó bá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó á ṣírò inú oko láti ara etí rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni náà bá rí ẹrẹ̀ tó sì gba ọ̀nà àbùjá, igun tó gé kúrò kò sí lára oko yín mọ́ lójú ìwé. Bí ó bá sì ṣèèṣì wọ oko aládùúgbò tàbí igbó ọba, ìyẹn tún léwu jù, torí wọ́n á ní inú igbó ni kòkó yín ti wá. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ ní kó máa lọ nìkan. Ẹ bá a rìn láti pèrègún dé pèrègún. Ẹ mú ọmọ yín dání pẹ̀lú ìwé tó kọ ìwọ̀n tiyín sí. Bí ó bá parí, ẹ ní kó fi nọ́ńbà tó jáde hàn yín. Lábẹ́ igi kòkó tó ṣú bolẹ̀, fóònù lè fi mítà bíi mélòó kan ṣìnà, nítorí náà ẹ má jà sí ìyàtọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá jẹ́ hẹ́kítà méjì tí tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ààbọ̀, ẹ ní kó tún un rìn kí ẹ tó buwọ́ lù ú tàbí kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ìbéèrè tí bàbá kan bi mí ni pé ṣé kì í ṣe pé a fẹ́ fi wíwọn oko gba ọmọ lọ́wọ́ ilé-ìwé. Rárá o, bàbá. Ọjọ́ Sátidé ni, wákàtí méjì péré, ohun tó wà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ náà ló sì ń ṣe. Màmá kan náà ní ṣé àwọn ọmọkùnrin nìkan ni. Ẹni tó dá mi lóhùn nípa ebè igun lọ́jọ́sí, ọmọbìnrin ni.

Nígbà tí mo bá tún yà sọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ méjì sí i, ẹ jọ̀wọ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní okùn ogún mítà tó ti ta, èèkàn mẹ́fà àti ìwé kan pẹ̀lú pẹ́ńsù. Mo ń mú téèpù gígùn bọ̀, ká lè fi yẹ gbogbo okùn wò kó tó di pé a wọ oko. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá lè fún mi ní ìwé márùn-ún yín lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, pápá ilé-ìwé la ó fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹnu kò láàárín ara yín lórí oko ẹni tí a ó kọ́kọ́ wọ̀n. Kí onítọ̀hún ti la ojú ààlà rẹ̀ sílẹ̀, kí aládùúgbò rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa nígbà tí a bá ń na okùn.